Ìbọn Èjìká Ọdẹ àti Ọlọ́pàá Ojú Ọ̀nà: Àgbéyẹ̀wò Àlàfo Kan Nínú Lítíréṣọ̀ Tí A Fi Ń Kọ́ Olùkọ́

Àṣamọ̀

Ọdẹ kì í fi ìbọn pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Èjìká ló ń gbé e kọ́, kí tọmọdé tàgbà lè rí i. Ibẹ̀ gan-an ni èdèàiyedè òun àti ọlọ́pàá ti ń bẹ̀rẹ̀ lóde òní, nítorí ohun tí ìlú kà sí ẹ̀rí ìwà rere ọdẹ ni ọlọ́pàá kà sí ẹ̀sùn. Nínú bébà yìí, a lo tíọ́rì ìfojú-ìbára-ẹni-gbé-pọ̀-wo-lítíréṣọ̀ láti ṣe àgbéyẹ̀wò Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà, ìjálá àti ìrèmọ̀jé àwọn ọdẹ, àti eré-oníṣe Morountodun ti Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan. A rí i pé nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí, yálà ọdẹ gbé ìbọn níbi tí ọlọ́pàá kò sí, tàbí kí ẹni tó gbé ìbọn àti ọlọ́pàá jẹ́ ọ̀tá ara wọn. Ìpàdé ojoojúmọ́ láàárín ẹni méjì tí àwọn méjèèjì ń ṣọ́ ìlú kan náà kò sí níbẹ̀. A dá a lábàá pé kí àwa olùkọ́ àwọn olùkọ́ gbé àlàfo yìí wá sínú kíláàsì.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọdẹ tó bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. A máa ń fi òwe yìí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìfaradà àti ìlawọ́. Ìyà tí òwe náà ń sọ, ìyà inú igbó ni: ẹ̀gún, òjò, òtútù òru àti ẹranko búburú. Ìyà mìíràn ti wá kún un, èyí tí àwọn tó kọ́kọ́ pa òwe náà kò mọ̀. Ọdẹ ń ti igbó bọ̀ lóru, ó gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká, ó yọ sójú títì, ó bá ọlọ́pàá pàdé. Iná tọ́ọ̀ṣì tàn sí i lójú. Wọ́n ní kó gbé ìbọn sílẹ̀, kó na ọwọ́ sókè. Àwọn méjèèjì gbà pé ìlú ni àwọn ń ṣọ́. Àwọn méjèèjì ló gbé ìbọn, ẹ̀rù sì ń ba àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ síra wọn ní ìṣẹ́jú yẹn ni yóò pinnu bóyá wọn yóò kí ara wọn kú iṣẹ́, tàbí ọ̀kan yóò sùn sí àtìmọ́lé, tàbí kí ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Àwọn aṣojú tó ń sọ èdè Hausa níbi àpérò yìí mọ àwọn maharba dáadáa, wọ́n sì mọ̀ pé nígbà tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà gba Múbì padà lọ́wọ́ Boko Haram ní ìparí ọdún 2014, àwọn ọdẹ wà lára àwọn tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀ṣọ́ abúlé wà káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, tí ìjọba ń yìn nígbà tí ogun bá le, tí ọlọ́pàá sì ń bi ní ìwé nígbà tí ogun bá rọ̀. Ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lítíréṣọ̀ tó jẹ mọ́ Yorùbá ni a fi ṣe àpẹẹrẹ nínú bébà tiwa.

Ìbéèrè mẹ́ta ni a fẹ́ dáhùn. Kí ni àwọn iṣẹ́ tí a ń kọ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá sọ nípa ẹni tó gbé ìbọn ní gbangba? Níbo ni wọ́n fi ọlọ́pàá sí? Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ di olùkọ́ máa ń mú jáde nínú wọn, kí sì ni kì í rí mú? Tíọ́rì tí a lò gbà pé lítíréṣọ̀ a máa jẹ́ díńgí àwùjọ. Ṣùgbọ́n a fẹ́ fi kún un pé díńgí náà ní ibi tí kì í dé, àti pé alámèyítọ́ tó bá wo ohun tó hàn nìkan kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun Tí Òfin Ń Bèèrè àti Ohun Tí Ìlú Ń Bèèrè

Kí a tó ṣí ìwé ìtàn, ó yẹ kí a mọ ohun tí òfin sọ. Òfin ìbọn tí a ń lò ní Nàìjíríà, ọdún 1959 ló ti wà, kí a tó gba òmìnira. Ó pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ìsọ̀rí kìíní ni ìbọn ogun àti àwọn ìbọn ìléwọ́, tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní àfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ìsọ̀rí kejì ni àwọn ìbọn bíi ṣọ́tígọ̀ọ̀nù, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Ọlọ́pàá Pátápátá ni àṣẹ rẹ̀ wà. Ìsọ̀rí kẹta ni ìbọn tí a ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu, níbi tí ṣakabùlà wà. "Dane-gun" ni òfin pè é, ìyẹn ìbọn àwọn ará Dẹ́nímáàkì, bí ẹni pé àlejò ṣì ni lọ́wọ́ ọdẹ tó ti jogún un lọ́wọ́ baba baba rẹ̀. Ṣakabùlà kò sí lára ohun tí a fi òfin dè pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní in gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Òfin mìíràn tó dé ní 1984 lórí ìdigunjalè àti ìbọn sọ pé ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìbá òfin mu lè san ìtanràn ẹgbẹ̀rún lọ́nà 20 náírà, tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 10, tàbí kí ó gba méjèèjì. Ìtanràn náà kò tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ mọ́ lóde òní. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 kò tíì fúyẹ́.

Ìwé ni òfin ń bèèrè. Ẹ̀rí mìíràn ni ìlú ń bèèrè. Lójú ìlú, ọdẹ ti gba àṣẹ kí ó tó gba ìwé kankan. Ó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ẹgbẹ́ ọdẹ mọ̀ ọ́n, Olúọdẹ mọ agboolé tí wọ́n bí i sí, ó sì mọ̀ pé Ògún kò gba ìrọ́. Nítorí ìdí èyí ni ó fi ń gbé ìbọn kọ́ èjìká: ohun tí kò bá ní àbùkù, gbangba ni à ń gbé e. Ẹni tó bá di ìbọn sínú àpò ìrẹsì, tó fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, òun ni ìlú ń fura sí.

Ẹ̀rí méjì yìí ti pàdé níbì kan rí, wọn kò sì jà. Nílé ẹjọ́ ìjọba, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè fi irin búra, adájọ́ á sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tó fi Bíbélì tàbí Kùránì búra. Irin tí ìjọba gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí òtítọ́ lórí tábìlì adájọ́, òun náà ni ọlọ́pàá gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ lójú ọ̀nà. A kò sọ pé ìbọn àti irin ìbúra jẹ́ ohun kan náà. Ohun tí a ń sọ ni pé ìjọba fúnra rẹ̀ ti gbà rí pé ẹ̀rí kan wà tí kì í ṣe ìwé.

Ògbójú Ọdẹ: Ìbọn Tí Ọba Rán Níṣẹ́

Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ wa ló ti kà á tàbí gbọ́ nípa rẹ̀ ní girama. Nígbà tí a bá ń kọ́ ìwé yìí, ọ̀rọ̀ iwin, ọfọ̀ àti àsọdùn ni a máa ń tẹ̀ mọ́. A fẹ́ kí a wo ìbọn inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun kìíní tó yẹ kí a kíyè sí ni pé Fágúnwà kò pa irọ́ fún wa nípa ìbọn. Nínú ìtàn ìdílé Àkàrà-ògùn, baba rẹ̀ yìnbọn lu àgbọ̀nrín kan, ó tọ ẹ̀jẹ̀ ẹran náà lọ, ẹ̀jẹ̀ sì mú un dé ilé ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, ìyá Àkàrà-ògùn, ni àgbọ̀nrín náà. Àwọn alámèyítọ́ sábà máa ń ka ibí yìí gẹ́gẹ́ bí ìtàn àjẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ìtàn ìbọn tó ṣe ohun tí ẹni tó yìn ín kò mọ̀ pé yóò ṣe. Ọwọ́ ọdẹ tó mọṣẹ́ jù ni ìbọn náà ti jáde, síbẹ̀ inú ilé rẹ̀ ni ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀. Òǹkọ̀wé tó fi irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé tó fi yin ọdẹ mọ̀ pé ìbọn kì í mọ olówó rẹ̀ lójú.

Ohun kejì ni ọ̀nà tí àwọn ọdẹ gbà jáde nílùú nígbà ìrìn-àjò Òkè Lángbòdó. Ọba ló ránṣẹ́ pe Àkàrà-ògùn, ọba ló sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó lọ mú ohun tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú wá. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kó ara jọ: Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn, Ìmọ̀dóye, Ọlọ́hùn-ún-iyọ̀, Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-ọdẹ, Èfọ̀ìyẹ tafàtafà, Àràmọ̀ǹdà-òkùnrin. Olúkúlùkù ló ní ohun ìjà tàbí ẹ̀bùn tirẹ̀, orúkọ àwọn mìíràn nínú wọn sì fi ohun tí wọ́n ń gbé hàn. Èyí ni pé nínú ayé Fágúnwà, ohun ìjà wà lára orúkọ ẹni. A kò lè mọ Kàkó kí a má mọ kùmọ̀ rẹ̀. Ìlú mọ ẹni tó gbé e, ìlú mọ ohun tó gbé, ọba sì mọ ibi tó ń lọ. Ìwé àṣẹ tí ẹnu kọ nìyí, ó sì dáhùn ìbéèrè mẹ́ta tí ìwé àṣẹ ọlọ́pàá ń béèrè: ta ni, kí ni, fún kí ni.

Ẹnì kan ni a kò rí nínú igbó yìí. Ní 1938, ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn àti ti ìjọba ìbílẹ̀, tí àwọn Yorùbá ń pè ní akódà, ti wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Fágúnwà, tó jẹ́ olùkọ́, kò lè ṣàìmọ̀ wọ́n. Síbẹ̀ igbó rẹ̀ kún fún iwin, ó ṣófo fún ọlọ́pàá. A kò dá a lẹ́bi, nítorí irú ìtàn tó ń kọ kò fi dandan lé e. Àbájáde rẹ̀ ni ó kàn wá: ọmọ tó bá ka ìwé yìí nìkan yóò gbà pé láyé àtijọ́, nígbà tí iwin ń bẹ, ni ọdẹ ń gbé ìbọn. Kò ní rò ó kan bàbá tó ń kọjá lẹ́yìn ilé wọn lálaalẹ́.

Ìjálá àti Ìrèmọ̀jé: Ẹgbẹ́ Tó Ń Yẹ Ara Rẹ̀ Wò

Bí ìtàn àròsọ bá fi ọdẹ sí ayé àtijọ́, ìjálá mú un wá sí ayé tiwa, nítorí ìjálá ṣì ń jáde lẹ́nu alààyè. Adébóyè Babalọlá, nínú ìwé tó kọ lórí ìjálá ní 1966, jẹ́ kí a mọ̀ pé ìjálá kò mọ sórí ẹranko àti igi nìkan. Oríkì orílẹ̀ wà níbẹ̀, oríkì ènìyàn wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbésí ayé ẹ̀dá náà sì wà níbẹ̀. Ó tún fi hàn pé bí apìjálá kan bá sun ohun tí kò tọ́, àwọn apìjálá mìíràn tó wà níbẹ̀ lè já a ní koro lójú agbo, òun náà á sì dáhùn láti gbèjà ara rẹ̀.

Ibi tí a ti ń kọ́ ìjálá gẹ́gẹ́ bí ewì, ọnà èdè nìkan ni a máa ń wò: àfiwé, àwítúnwí, ìfọ̀rọ̀dárà. A gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà kí ẹgbẹ́ máa yẹ ara rẹ̀ wò ní gbangba jẹ́ ohun tó ju ọnà èdè lọ. Ẹni tí kò bá lè sọ òtítọ́ nípa oríkì ẹfọ̀n láìjẹ́ pé ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ dá a dúró, ṣé ẹgbẹ́ náà yóò jẹ́ kí ó gbé ìbọn kiri láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè? Àgbo ìjálá fi ojú ẹgbẹ́ hàn wá. Ojú yẹn ló ń ṣọ́ ìbọn.

Ìrèmọ̀jé, tí Bádé Àjùwọ̀n ṣiṣẹ́ lé lórí, parí ọ̀rọ̀ náà. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ á ṣe ìṣípà fún un, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé, wọ́n á sì kó àwọn ohun èlò ọdẹ rẹ̀ jáde, kí a lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn tó ń wọ igbó. Ìbọn ọdẹ ní ọjọ́ tó wọlé, ó sì ní ọjọ́ tó jáde. Ètò tí ọlọ́pàá ń fi ìwé ṣe, ètò náà ni ẹgbẹ́ ń fi orin àti ètùtù ṣe.

Àléébù kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ojú ẹgbẹ́ kò ríran kọjá ààlà ìlú. Ní abúlé, gbogbo ènìyàn mọ ọdẹ. Bó bá dé ìlú kẹta, ó di àjèjì tó gbé ìbọn. Ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ lè jẹ́ ọmọ Benue tàbí ọmọ Sókótó, tí kò gbọ́ èdè, tí kò sì mọ oríkì ẹnikẹ́ni. Ní irú ibẹ̀, ìjálá tó dùn jù kò lè jẹ́ ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó bá ní kí ọlọ́pàá fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ nìkan gba ọdẹ gbọ́, ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ gbára lé ohun tí kò mọ̀.

Morountodun: Nígbà Tí Ọlọ́pàá Wọ Inú Ìtàn

Láti rí iṣẹ́ kan níbi tí ọlọ́pàá àti aráàlú tó gbé ìbọn ti jọ wà lójú kan náà, eré-oníṣe tí ọmọ Yorùbá kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a yà sí. Morountodun, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1979, tó sì jáde nínú ìwé ní 1982, dá lórí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà.

Ìtàn tó wà lẹ́yìn eré náà kò jìnnà sí wa. Láàárín 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn kọ̀ láti san owó orí tó ti pọ̀ jù fún wọn nígbà tí owó kòkó kò gbé wọn dé ibì kan. Ṣakabùlà tí wọ́n fi ń pa ọ̀yà ni wọ́n kọjú sí ọlọ́pàá. Táfà Adéoyè ní Akànràn di aṣíwájú tí gbogbo ayé mọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn, wọ́n sì tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Ìjà náà kò rọlẹ̀ títí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi lọ bá wọn sọ̀rọ̀, tí ìjọba sì dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí a kì í sábà fà yọ: ìbọn àwọn àgbẹ̀ kò yí padà láàárín 1967 sí 1968. Ìbọn kan náà ni. Ohun tó yí padà ni ìgbàgbọ́ tó wà láàárín àwọn tó gbé e àti àwọn tó ń ṣe òfin.

Ọ̀ṣọ́fisan mú ìtàn yìí, ó fi ìtàn Mọ́remí ṣe òjìji rẹ̀. Títùbí, ọmọ olówó, gbà kí ọ̀gá ọlọ́pàá Sàlámì fi òun sí ẹ̀wọ̀n kí àwọn àgbẹ̀ lè wá tú òun sílẹ̀, kí òun sì lè di amí láàárín wọn bí Mọ́remí ti ṣe láàárín àwọn Ìgbò inú ìtàn Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá àwọn àgbẹ̀ gbé, tó rí bí wọ́n ṣe ń jẹ àti bí wọ́n ṣe ń sunkún, ọkàn rẹ̀ yí. Orúkọ eré náà ni orúkọ tuntun tí aṣíwájú wọn fún un.

Agbára eré yìí wà nínú yíyí ọkàn Títùbí. Ó fi yé wa pé ẹni tó bá sún mọ́ ẹni tó gbé ìbọn, tó bi í léèrè ìdí tó fi gbé e, kì í padà lọ bí ó ṣe wá. Ibi tí eré náà kù díẹ̀ káàtó sí, lójú tiwa, ni pé Títùbí nìkan ni a fún ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá kan tó bá àwọn àgbẹ̀ jẹun rí. Bí ọ̀ṣẹ́ ọlọ́pàá ṣe ń dé, bí ó ṣe di pé ọmọ àgbẹ̀ kan wọ aṣọ dúdú ìjọba, tó wá ń kọjú ìbọn sí àgbẹ̀ bíi baba rẹ̀, eré náà kò dúró níbẹ̀. Eré tó fi ìhà kan lé ẹni tí ìyà ń jẹ kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì tí ọmọ ọlọ́pàá àti ọmọ ọdẹ ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, a nílò eré kejì.

Láti Àgbẹ́kọ̀yà dé Àmọ̀tẹ́kùn

Ìdí tí eré kejì náà fi di kánjúkánjú wà lójú gbogbo wa. Ní ọjọ́ 9, oṣù kìíní, ọdún 2020, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Mínísítà fún Ètò Ìdájọ́ fi sọ pé kò bá òfin mu. Ohun tí àwọn tó takò ó dì mú ni ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 214, tó sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà yóò ní. Lẹ́yìn ìpàdé pẹ̀lú Igbá-kejì Ààrẹ, àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe òfin tó gbé e dúró. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wọ iṣẹ́ náà jẹ́ ọdẹ. Ọdẹ tí a kò mọ ìdúró rẹ̀ lójú òfin ní àná wá di òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ lónìí, ìbọn kan náà sì wà léjìká rẹ̀.

Ìbéèrè nípa irú ìbọn kò tíì tán. Lẹ́yìn tí àwọn agbébọn pa èèyàn bí 40 nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 2022, gómìnà Oǹdó nígbà náà, Rótìmí Akérédolú, sọ ní gbangba nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà pé kò yẹ kí ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ kan gba ìbọn ìgbàlódé kí ti ìpínlẹ̀ mìíràn máa lo ṣakabùlà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, tó sì mọ Òkè Lángbòdó, yóò rí i pé ìbéèrè àtijọ́ náà ni: ta ló ní àṣẹ láti rán ọdẹ níṣẹ́? Ọba ni nínú ìwé Fágúnwà. Lónìí, ọba ń rán an, gómìnà ń rán an, ọlọ́pàá tó ń gba àṣẹ láti Abújá sì ń dá a dúró.

Ojú Tí Ọlọ́pàá Fi Ń Wò Ó

Àgbà kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dájọ́. Ọlọ́pàá kì í ṣe iwin inú igbó, òun náà ní ohun tó ń bà á lẹ́rù. Lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS ní oṣù kẹwàá 2020, wọ́n jó ọ̀pọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n pa àwọn ọlọ́pàá kan, wọ́n sì kó ìbọn lọ. Ní àwọn apá ibì kan ní Àríwá, àwọn agbébọn ń gbé ìbọn AK-47 kọ́ èjìká lórí ọ̀kadà ní ọ̀sán gangan, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ìwà rere wọn ló mú kí wọ́n gbé e síta. Èyí fi hàn pé gbígbé ìbọn ní gbangba nìkan kò tó ẹ̀rí. Ṣakabùlà fúnra rẹ̀ ń pani. Àwọn alágbẹ̀dẹ kan ń rọ ìbọn fún ẹni tí kì í ṣe ọdẹ, ìbọn tí a ń yìn sókè níbi òkú àgbà sì ti sọ ayẹyẹ di ẹkún níbòmíràn.

Nítorí náà, a kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé kí ọlọ́pàá yàgò fún ọdẹ nítorí àṣà. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ìbọn ọdẹ jẹ́ ohun àtijọ́ tó yẹ kí a kó sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Èrò méjèèjì yìí bára mu níbì kan: wọn kò jẹ́ kí ọdẹ àti ọlọ́pàá bára wọn sọ̀rọ̀. Àṣà tí a bá fi ṣe àwáwí kì í pẹ́ kó tó di ẹ̀tàn. Òfin tí ẹni tó kàn kò bá lè kà, ẹ̀rù nìkan ló ń dá.

Ohun Tó Kan Àwa Olùkọ́ Àwọn Olùkọ́

Bí a bá wo àwọn iṣẹ́ mẹ́ta tí a ti yẹ̀ wò pa pọ̀, àwòrán kan hàn. Fágúnwà fún ọdẹ ní ọba tó rán an, kò fún un ní ọlọ́pàá. Ìjálá àti ìrèmọ̀jé fún un ní ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò dé ojú títì. Ọ̀ṣọ́fisan mú ọlọ́pàá wá, ṣùgbọ́n ogun ni ó mú wọn pàdé. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tó bá ka gbogbo rẹ̀ yóò mọ ọdẹ inú ìtàn àti ọlọ̀tẹ̀ inú eré. Kò ní ní ọ̀rọ̀ fún bàbá tó ń ti oko bọ̀ àti kọ́ńsítébù tó ti dúró láti àárọ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì yìí gan-an ni òbí àwọn ọmọ tí yóò lọ kọ́.

Ohun mẹ́rin ni a rò pé ó ṣeé ṣe láìdúró de owó ìjọba.

Èkíní, bí a bá ń kọ́ Ògbójú Ọdẹ, kí a bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè kan tí kò sí nínú ìwé: bí Àkàrà-ògùn bá bá ọlọ́pàá pàdé bó ti ń lọ, kí ni yóò sọ, kí ni yóò fi hàn, ta ni yóò jẹ́rìí rẹ̀? Kí wọ́n kọ ìran náà. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdẹ kí ó kọ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ẹni tó jẹ́ ọmọ ọlọ́pàá kí ó kọ ọ̀rọ̀ ọdẹ.

Èkejì, kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè wa, Yorùbá, Hausa àti Ìgbò, jọ túmọ̀ àwọn abala òfin 1959 tó kan ọdẹ sí èdè tí ọdẹ gbọ́. Iṣẹ́ ìtumọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ NCE lè ṣe fún ìdánwò àṣekágbá ni. Yóò wúlò fún ẹgbẹ́ ọdẹ ju ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àṣekágbá tó ń gba eruku lórí pẹpẹ wa lọ.

Ẹ̀kẹta, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ gba ìjálá sílẹ̀, kí wọ́n má ṣe bi apìjálá nípa ẹranko nìkan. Kí wọ́n bi í nípa ojú ọ̀nà. Bí ọ̀rọ̀ ìgbésí ayé bá ti wà nínú ìjálá láti ìgbà tí Babalọlá ti ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọlọ́pàá náà ti wọ ibẹ̀ kí àwa ọ̀mọ̀wé tó ronú kàn án.

Ẹ̀kẹrin, kí a pe Olúọdẹ àti ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò wá sí kíláàsì kan náà, ní ọjọ́ kan náà, kí olúkúlùkù ṣàlàyé ohun tó ń wò lára ẹni tó gbé ìbọn kí ó tó fọkàn balẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ ọdẹ fi ń dá ara wọn mọ̀ lè di ohun tí ọlọ́pàá náà yóò mọ̀, orúkọ tó wà lọ́kàn Olúọdẹ sì lè di orúkọ tó wà nínú ìwé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn nínú bébà yìí pé aáwọ̀ tó wà láàárín ọlọ́pàá àti ọdẹ tó gbé ìbọn ní gbangba jẹ́ aáwọ̀ ẹ̀rí méjì. Ọ̀kan wà lẹ́nu, ọ̀kan wà nínú ìwé. Ẹni tó mọ ti ẹnu kò gbọ́ ti ìwé, ẹni tó mú ti ìwé dání kò gbọ́ ti ẹnu. Lítíréṣọ̀ wa ti ṣe iṣẹ́ ribiribi láti pa ẹ̀rí ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n kò tíì mú un dé ibi tí wọ́n ti ń bèèrè ti ìwé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́ èdè ju ọwọ́ agbẹjọ́rò lọ, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ èdè ni láti mú ẹnu àti ìwé bára wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tí a ń kọ́ lónìí ni yóò kọ́ ọmọ ọdẹ àti ọmọ ọlọ́pàá lọ́la. Bí wọ́n bá ti kọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì lè fi kí ara wọn kí iná tọ́ọ̀ṣì tó tàn sí ẹnikẹ́ni lójú, iṣẹ́ wa kò já sí asán.